Gbogbo Alángbá Ló Danú Délẹ̀: Ta Ló Mọ Èyí Tí Inú Ń Run Nínú Ọkọ̀ Tòkunbọ̀?

 Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àròkọ ìdánwò. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, ọ̀rọ̀ owó ni, ó sì lè di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí.

Bàbá ọ̀kan nínú wa ra ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan ní ọdún tó kọjá. A ò ní dárúkọ ẹni tó tà á, a ò sì ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ ṣáà mọ̀ pé kì í ṣe Ford. Kò tíì pé oṣù mẹ́rin tí ọkọ̀ náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe nígbàkígbà tó bá fẹ́ gbéra. Mẹ́káníìkì àkọ́kọ́ ní ọ́ìlì gíà ló ti gbó. Èkejì ní rewáyà ló yẹ kó wò ó. Ẹ̀kẹta sọ gíà náà kalẹ̀, ó tún un tò, ó gba owó, ọkọ̀ sì ń gbọ̀n síbẹ̀. Nígbà tí bàbá padà tọ ẹni tó tà á lọ, ohun tó sọ fún wọn ni pé, "Dádì, ó ní bí wọ́n ṣe ń wa àwọn ọkọ̀ òde òní. Ó jọ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n wà ni." Bàbá tó ti ń wakọ̀ láti ìgbà tí Pèéjò 504 ń jọba lójú títì!

Ọmọ wọn ló wá kọ nọ́ńbà ṣáásì ọkọ̀ náà sílẹ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ọdún mẹ́fà ṣáájú ìgbà náà ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ yìí ti kọ̀wé sí àwọn tó ni irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà pé àléébù wà nínú gíà rẹ̀, kí wọ́n gbé e wá, àwọn yóò tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó ni ín nígbà náà kò gbé e lọ. Ó tà á. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó di tiwa.

Inú bí wa. Ìdí nìyí tí a fi ń kọ̀wé yìí. Ohun tí à ń sọ kò lọ́jú pọ̀: ọ̀pọ̀ àìsàn tó ń ṣe ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni wọ́n ti kọ sílẹ̀ ní gbangba kí ọkọ̀ náà tó gúnlẹ̀ síbí. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ nìkan ni à ń rà, a kì í béèrè ìtàn rẹ̀. Tó bá wá bàjẹ́ tán, awakọ̀ àti mẹ́káníìkì la ó máa dá lẹ́bi.

Ẹ jẹ́ ká fi Ford ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìtàn rẹ̀ gùn, ẹjọ́ rẹ̀ sì ti dé kóòtù, gbogbo ayé ló gbọ́ ọ.

Oṣù kẹfà ọdún 1903 ni Henry Ford àti àwọn tó bá a dáwó pọ̀ dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní Michigan ní Amẹ́ríkà. Ní 1908, wọ́n gbé Model T jáde, iye rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 850. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1920 sí 1930, owó rẹ̀ ti já wálẹ̀ kọjá dọ́là 300. Kí wọ́n tó dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1927, wọ́n ti ṣe èyí tó lé ní mílíọ̀nù 15. Kì í ṣe ẹwà ni wọ́n fi tà á. Ó fúyẹ́, kò wọ́n, àgbẹ̀ tó bá ní sípánà àti sùúrù sì lè tú u palẹ̀ kó tún un tò fúnra rẹ̀. Ohun tó mú un gbajúmọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà náà nìyẹn. Ní Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí, ọkọ̀ ẹrù Ford tó fúyẹ́ ló gba ojú ọ̀nà kòkó mọ́ àwọn ọkọ̀ ńláńlá Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, nítorí pé ọ̀nà erùpẹ̀ kò lè gbé èyí tó wúwo.

Àwa ọmọ Ìjẹ̀bú mọ ohun tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ túmọ̀ sí. Reluwé tí ìjọba amúnisìn là láti Èkó gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn; kò ya Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀nà omi tó gba Èjìnrìn àti Ẹ̀pẹ́ ni a gbójú lé, kó tó di pé mọ́tò dé. Kò yà wá lẹ́nu pé ará ibí náà ni Olóyè Timothy Adéọlá Odùtọ́lá, tó fi táyà àti rọ́bà ṣe iṣẹ́ ńlá, tó sì di ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn oníléeṣẹ́ ńláńlá ní Nàìjíríà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ mọ́tò kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú.

Ilé-iṣẹ́ tó gba ìyìn nítorí ọkọ̀ tí olówó rẹ̀ lè tún ṣe fúnra rẹ̀ yìí kan náà ló wá ń gbọ́ ẹ̀sùn lọ́tùn-ún lósì. A ó mú mẹ́ta.

Èkínní ni ti táyà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, Firestone pe mílíọ̀nù mẹ́fà àbọ̀ táyà padà, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà lẹ́sẹ̀ Ford Explorer. Táyà náà ń ya lórí eré, ọkọ̀ sì ń gbókìtì. Èèyàn 271 ni NHTSA, àjọ tó ń rí sí ààbò ojú pópó ní Amẹ́ríkà, so ikú wọn mọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ford ní ẹjọ́ táyà ni. Firestone ní kí wọ́n yẹ ọkọ̀ náà wò. Ohun tó yẹ kó dun ẹni tó ń gbé ní Áfíríkà jù ni èyí: ní 1999, Ford ti ń pààrọ̀ táyà wọ̀nyí fún àwọn oníbàárà ní Saudi Arabia, àwọn ará Amẹ́ríkà kò sì tíì gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí àṣírí tú, inú bí àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣe òfin lọ́dún náà pé bí ilé-iṣẹ́ bá pe ọkọ̀ padà nílẹ̀ òkèèrè, ó gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba Amẹ́ríkà. Wọ́n dáàbò bo ara wọn. Òfin wo ló ní kí ẹnikẹ́ni sọ fún Ìjẹ̀bú-Òde?

Èkejì ni ti Ford Windstar, ọkọ̀ elérò méje tí àwọn ìdílé fẹ́ràn. Ní 2010, Ford pe nǹkan bí 575,000 padà nínú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1998 sí 2003. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sí títì nígbà òjò dídì ló ń jẹ ọ̀pá irin ẹ̀yìn tó so táyà méjèèjì pọ̀, títí yóò fi kán. Ẹ rò ó wò ná. Òjò dídì kì í rọ̀ ní Ìjẹ̀bú, ṣùgbọ́n irin tí iyọ̀ ti jẹ lọ́hùn-ún lè kán lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Benin. Mẹ́káníìkì wo ní Ìta Ọ̀ṣun tàbí ní Ìmọ̀wò ló máa ro ti iyọ̀ tí wọ́n dà sí títì ìlú mìíràn?

Ẹ̀kẹta ló dùn wá jù. Gíà kan wà tí wọ́n ń pè ní PowerShift, tí Ford fi sínú Fiesta ti 2011 sí 2016 àti Focus ti 2012 sí 2016 ní Amẹ́ríkà. Ó ń gbọ̀n, ó ń já, ó lè pàdánù agbára láàárín títì. Àwọn tó ni ín kó ara wọn jọ, wọ́n lọ sí kóòtù. Ní 2020, ilé-ẹjọ́ fọwọ́ sí àdéhùn tó kan àwọn tó súnmọ́ mílíọ̀nù méjì. Ní Australia, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ níbẹ̀ bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 dọ́là tiwọn lé Ford lórí ní 2018. Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀? Ara ohun tó jẹ́wọ́ ni pé ó sọ fún àwọn oníbàárà pé bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ló fà á tó fi ń gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ ó mọ̀ pé àléébù wà nínú gíà náà.

Ẹ padà sókè kí ẹ tún ka ohun tí wọ́n sọ fún bàbá ọ̀rẹ́ wa. "Ẹ ò mọ̀ ọ́n wà ni." Irọ́ kan náà ni! Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ní Australia, wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó sọ ọ́. Níbí, àwa la tún sọ pé "ẹ má bínú, sà."

A mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní, "Ẹ má ra Ford mọ́, ẹ ra Toyota." Ẹ̀yin èèyàn wa, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Toyota náà pe ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọkọ̀ padà láàárín 2009 sí 2010 nítorí ọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ọkọ̀ sáré. Kò sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ tí kì í ṣe àṣìṣe. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ kò lè sọ èyí tí inú ń run fún wa, nọ́ńbà ṣáásì ló lè sọ ọ́.

Àwọn mìíràn á ní, "Tálákà kì í ṣa ẹran." Bẹ́ẹ̀ ni, owó kò sí. Ní 2015, Coscharis bẹ̀rẹ̀ sí í to Ford Ranger pọ̀ ní Èkó. Ẹni tó bá ra tuntun mọ ẹni tó máa bá wí. Mélòó nínú wa ló ń ra tuntun? Ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ ká wò ó. Ẹni tó ní ọkọ̀ mẹ́rin lè fara mọ́ kí ọ̀kan bàjẹ́. Ẹni tó ta ilẹ̀ tàbí tó kó owó àjọ láti ra ẹyọ kan ṣoṣo kò lè fara mọ́ ọn. Yíyẹ nọ́ńbà wò kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni, àfi dátà díẹ̀.

Àwọn kan á tún ní, "Ọkọ̀ ti dé ná, kí ni mímọ̀ fẹ́ ṣe?" Ó máa ṣe púpọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ lè fà sẹ́yìn. Ó lè yọ owó àtúnṣe kúrò nínú iye tó fẹ́ san. Mẹ́káníìkì rẹ̀ á mọ ibi tí yóò tú, kò ní máa tú ọkọ̀ kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú koríko lóru. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé ọ̀pá irin lè kán kò ní kó ọmọ méje sínú rẹ̀.

Ẹ wo orúkọ náà fúnra rẹ̀: Tòkunbọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun là ń sọ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kì í bọ̀ lọ́wọ́ òfìfo, ìwé ìbí rẹ̀ máa ń bá a bọ̀. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ náà ní ìwé ìbí, lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún tó wà lára rẹ̀, tí a lè rí níwájú gíláàsì lábẹ́ wáípà. A kàn ń fi aṣọ nu ún mọ́ ni, a kì í kà á.

Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, sọ pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti rí àlàyé gbà ní èdè tó yé e. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá wá ń béèrè: èdè wo ló yé ìyá tó ń ta gàárì ní ọjà Òkè-Àjẹ, tó ń dáwó ra bọ́ọ̀sì fún ọmọ rẹ̀? Èdè wo ni mẹ́káníìkì fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ rẹ̀? Gbogbo ìwé ìkìlọ̀ tí a ti ń sọ bọ̀ yìí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ sì ni.

Ibí ni a ti fẹ́ bá ara wa wí. Àwọn bàbá wa tí kò lọ sí yunifásítì sọ ọkọ̀ lórúkọ. Wọ́n pe Volkswagen ní ìjàpá, wọ́n pe Mercedes ní ọ̀bọ̀kún, wọ́n pe ọkọ̀ akérò onígi ní bọlẹ̀kájà. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wa ṣe ìwé èdè-ìpèrí, wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún fónrán ìhun gbólóhùn àti lítíréṣọ̀. Kí ni àwa ti ṣe? A lè tú ewì palẹ̀ láti òkè délẹ̀, ṣùgbọ́n bí bàbá wa bá ní ká ka ìwé ìkìlọ̀ ọkọ̀ fún òun ní Yorùbá, a ó máa kálòlò. Ojú tì wá.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ kò ju mẹ́ta lọ. Ẹ̀yin tó ń ta ọkọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà ṣáásì sí ojú gíláàsì gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ń kọ "For Sale" síbẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà kí a kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀, ẹ má rajà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Amẹ́ríkà, tí ẹ ń ra ọkọ̀ ránṣẹ́ sílé, ẹ gbé ọkọ̀ náà lọ fún àtúnṣe ọ̀fẹ́ kí ẹ tó fi í sínú kọ̀ǹténà. Ẹ̀yin lẹ wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀kẹta kan àwa fúnra wa. Láti sáà yìí lọ, a ó máa tú ìwé ìkìlọ̀ àwọn ọkọ̀ tó wọ́pọ̀ ní ìlú wa sí Yorùbá tó rọrùn, ojú ewé kan fún ọkọ̀ kan. A ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, a ó sì mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn mẹ́káníìkì fúnra wa, nítorí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa lò ó. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti rú wa lójú, àwọn mẹ́káníìkì ni a ó bi. Àwọn ni ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ bá wa ṣe é, kó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Kó tó wá, kó kọ́kọ́ lọ wo ọkọ̀ tó wà níwájú ilé wọn, kó kọ nọ́ńbà mẹ́tàdínlógún náà sílẹ̀, kó yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó bá rí níbẹ̀ ni kó mú wá fún wa.