Eré Ọmọdé Kì í Ṣe Àṣedànù

Orúkọ tí àwọn Yorùbá fún ilé-ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, jẹ́lé-ó-sinmi, sọ ohun tí àwọn àgbà ń rí gbà níbẹ̀: ilé yóò sinmi. Kò sọ ohun tí ọmọ yóò rí gbà. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Èkó, Ìbàdàn àti Ìlọrin, ọmọ ọdún 3 ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ di ọ̀sán, ó ń da ABD kọ. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, ilé-kéwú ló kàn, níwájú wàláà àti pàṣán.

Àwọn òbí kò fi ìkà ṣe é. Owó ni wọ́n san, wọ́n sì fẹ́ rí ohun tí ọmọ kọ sínú ìwé. Bí wọ́n bá gbọ́ pé eré ni ọmọ ṣe láàárọ̀, wọn a ní owó àwọn ti ṣègbé. Bẹ́ẹ̀, ọmọ tí ń ka ọmọ ayò sínú ihò, ìṣirò ló ń kọ́. Èyí tí ń fi yanrìn mọ ilé ń kọ́ bí nǹkan ṣe ń dúró àti bí ó ṣe ń wó. Èyí tí ń retí kí eré kan òun ń kọ́ sùúrù.

Ẹni tí ó bá ní àṣà òyìnbó ni èyí, kí ó yẹ Sunna wò. Nínú hádíìsì Bùhárí àti Múslìmù, Áíṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ń fi ọmọláńgidi ṣeré nínú ilé Ànọ́bì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a sì máa wá bá a ṣeré. Ọmọ-ọmọ Ànọ́bì gun ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tí ó foríkanlẹ̀ lórí ìrun. Ó pẹ́ nínú ìforíkanlẹ̀ náà kí ọmọ lè ṣe é tẹ́rùn. Ọdún 7 ni ó ní kí òbí bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ ìrun fún ọmọ. Ìmáàmù Gàsálí, tí ó kú ní 1111, kìlọ̀ pé ọmọ tí wọ́n bá fi ẹ̀kọ́ há mọ́lẹ̀ láìṣeré, ọkàn rẹ̀ yóò kú, òye rẹ̀ yóò sì kújú.

Ọmọ tí ó bá fi ẹkún mọ ilé Ọlọ́hun, bí ó bá di ọ̀dọ́, ibẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sá fún. Òbí tí kò bá sì rí jẹ́lé-ó-sinmi Mùsùlùmí tí ó dára ní àdúgbò rẹ̀ yóò mú ọmọ lọ sí ibòmíràn, níbi tí ẹ̀kọ́ ìjọ mìíràn yóò ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ létí. Irú ewu yìí wà lára ohun tí ó mú kí wọ́n dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀ ní Èkó ní 1923.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀pọ̀ mọ́sálásí àdúgbò ń ṣófo títí di àílà. Ẹní, yanrìn, omi, igi gígé, ọmọ ayò àti arábìnrin méjì tí wọ́n kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tó láti bẹ̀rẹ̀. Láàárín eré, àwọn ọmọ yóò máa gbọ́ súrà kúkúrú, yóò sì mọ́ wọn lẹ́nu láìsí ẹgba. Bí àgbàlagbà kan bá ń ráhùn ariwo wọn, kí ó rántí Ẹni tí ó pẹ́ ní ìforíkanlẹ̀ nítorí ọmọdé.

Ọlọ́hun ni Olùrannilọ́wọ́.