Ìtọ̀ Nìkan Kò Tó: Ẹ Jẹ́ Ká Máa Yẹ Ketone Wò Nínú Ẹ̀jẹ̀

Ẹ jẹ́ n bi yín: tí ọmọ ọdún 16 kan níbí ní Ìwó bá ń bì, tí inú ń run ún, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tó sì ń mí hẹlẹhẹlẹ, kí lẹ máa kọ́kọ́ rò? Ibà, àbí táífọ́ọ̀dù. Ta ló máa dá yín lẹ́bi? Àmọ́ ó lè jẹ́ ketoacidosis, jàǹbá tí àtọ̀gbẹ máa ń fà tí ínsúlínì ò bá tó lára mọ́. Ẹlòmíì ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun ní àtọ̀gbẹ títí di ọjọ́ náà.

Láìsí ínsúlínì, ṣúgà á kún inú ẹ̀jẹ̀, ara ò sì ní rí i lò. Ara á wá máa jó ọ̀rá dípò rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ á sọ ọ̀rá yẹn di ketone, ásíìdì sì ni. Tó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ á kan. Mímí hẹlẹhẹlẹ yẹn, ara ló ń fi èémí lé ásíìdì jáde.

Ìtọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn fi ń wá ketone. Wọ́n á ki strip bọ̀ ọ́, wọ́n á wò ó bóyá ó di àwọ̀ elésè àlùkò. Kò wọ́n, kò le. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé ká gbà pé ó ti tó. Acetoacetate ni strip ìtọ̀ ń rí. Kò rí beta-hydroxybutyrate rárá. Bẹ́ẹ̀, èyí tí kò rí yìí máa ń fi ìlọ́po 3 ju èkejì lọ nínú àìsàn yìí, ó tiẹ̀ lè tó ìlọ́po 10. Ó dà bí ọlọ́dẹ tó ń mú ọmọ iṣẹ́ olè, tó ń kí ọ̀gá olè pé ó dàárọ̀.

Ó tún kù. Tí ínsúlínì bá ti ń ṣiṣẹ́, beta-hydroxybutyrate á máa yí padà di acetoacetate. Àwọ̀ strip ìtọ̀ á wá dúdú sí i, ẹbí á figbe ta pé ó ti ń burú, nígbà tó jẹ́ pé ara ń yá.

Ẹ̀rọ tó ń yẹ ketone ẹ̀jẹ̀ wò kò ju ọwọ́ lọ, bíi ti ṣúgà. Ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ kan láti orí ìka, kò tó ìṣẹ́jú 1. Tó bá ti tó 3.0 mmol/L, tí ṣúgà ga, tí àyẹ̀wò sì fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ti kan, ketoacidosis nìyẹn.

Kí ló kan Ìwó níbẹ̀? Yunifásítì Bowen wà níbí, àmọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ wà. Ti UNIOSUN wà ní Òṣogbo. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ tí wọ́n bá gbé ọmọ dé ló máa pinnu bóyá kí wọ́n gbéra lóru yìí, àbí kí wọ́n dúró di àárọ̀. Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹ̀rọ yìí wà.

Ẹ máa ní strip ẹ̀jẹ̀ wọ́n. Ó wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ènìyàn la máa lò ó fún: ẹni tí ṣúgà rẹ̀ ga, tó ń bì tàbí tó ń mí bẹ́ẹ̀ nìkan ni. Tó bá sì jẹ́ ti ìtọ̀ ló wà nílẹ̀, kí wọ́n lò ó. Àmọ́ tó bá ní kò sí ketone, tí ṣúgà ṣì ga, tí ọmọ ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ, kí wọ́n má dá a padà sílé.