Oorun Dókítà, Ẹ̀mí Aláìsàn

Alẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1984 ni wọ́n gbé Libby Zion, ọmọ ọdún 18, dé ilé ìwòsàn kan ní New York. Ara rẹ̀ ń gbóná, ó sì ń gbọ̀n. Dókítà tí kò tíì lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ ló ń tọ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ nǹkan bí 40 aláìsàn mìíràn wà lọ́rùn rẹ̀ lóru náà. Wọ́n fún ọmọ náà ní meperidine, oògùn tí kò gbọdọ̀ pàdé phenelzine tó ti ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ kò balẹ̀, dókítà ní kí wọ́n dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀ mọ́, ó kú.

Bàbá rẹ̀, Sidney Zion, akọ̀ròyìn, kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán sí ibojì. Ariwo tó pa wà lára ohun tó bí òfin ọdún 1989: ní Ìpínlẹ̀ New York, dókítà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ ju wákàtí 80 lọ lọ́sẹ̀, tàbí ju 24 lọ láìsinmi.

Wákàtí 24 yẹn gan-an ṣì pọ̀. Ìwádìí ọdún 1997 fi hàn pé ẹni tí kò fojú ba oorun tó bẹ́ẹ̀, ọwọ́ àti ọpọlọ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ẹni tí ọtí ń pa. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004, wọ́n ṣọ́ àwọn dókítà tuntun tó ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an ní Boston. Nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ àṣemọ́jú, àṣìṣe ńlá wọn fi ìdá 36 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti ìgbà tí wọ́n dín in kù sí wákàtí 16 lọ.

Àwọn àgbà dókítà kan ní bí wọ́n bá ń pààrọ̀ ara wọn lemọ́lemọ́, ọ̀rọ̀ aláìsàn á máa já bọ́ lọ́nà. Òótọ́ ni. Ẹni tó ń wọlé lè má mọ̀ pé èsì ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà lọ́sàn-án ṣì wà ní láàbù. Ṣùgbọ́n ìyẹn ní àtúnṣe. Nígbà tí ilé ìwòsàn mẹ́sàn-án ní Amẹ́ríkà àti Kánádà kọ́ àwọn dókítà ní ìlànà kan fún fífi aláìsàn lé ara wọn lọ́wọ́, àṣìṣe dín ní ìdá 23 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ní Nàìjíríà, japa ti kó dókítà lọ, iṣẹ́ ẹni púpọ̀ ti di ti ẹnì kan. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ké gbàjarè lórí ọ̀dọ́ kan lára wọn tó kú l'Ékòó. Wọ́n ní wákàtí 72 ló fi wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ló kẹ́dùn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Aláìsàn tó bá bọ́ sọ́wọ́ dókítà lọ́jọ́ kẹta irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà wà nínú ewu.

Kí ìjọba fi òfin dá iṣẹ́ àìsinmi dúró sí wákàtí 16, kí ó sì gba dókítà kún àwọn tó kù. Kí wọ́n kọ aago tí dókítà wọlé sára ògiri wọ́ọ̀dù, kí nọ́ọ̀sì tó bá rí i pé ó ti kọjá lè sọ pé, "Dókítà, ẹ lọ sùn," kí ẹlòmíràn sì wà nílẹ̀ tí yóò gba iṣẹ́ náà.