Kànga Gbẹ, Kànga Kún: Ohun Tó Yẹ Kí Ará Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù Mọ̀

Bí ẹ̀rùn bá ti mú, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́ ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù: okùn kànga ò tó mọ́, ẹrẹ̀ ni korobá ń gbé bọ̀. Ẹni tó lówó á pe àwọn tó ń gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù. Ẹni tí kò ní á gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sílé aládùúgbò. Ṣé ká ṣáà máa gbẹ́ ẹ jìn sí i ni?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé odò kan ń ṣàn lábẹ́ ilẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ lágbègbè wa. Àpáta líle ló wà nísàlẹ̀. Òjò tó bá rin wọlẹ̀ á dúró sínú àpáta tó ti jẹrà lókè, tàbí níbi tí àpáta bá ti sán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù méjì ládùúgbò kan, kí ọ̀kan lómi, kí èkejì má ní. Kànga tá a fọwọ́ gbẹ́ kì í sábà kọjá ibi tó jẹrà yẹn. Bí omi ibẹ̀ bá ti wálẹ̀, kànga gbẹ nìyẹn. Níbi tí ilẹ̀ bá sì ti dà gẹ̀rẹ́, tí omi náà yọ síta fúnra rẹ̀, òun là ń pè ní ìsun.

Ẹ ò rí i pé inú àpò kan náà ni gbogbo wa ti ń pọn? Bí ẹ̀rọ ẹnì kan bá ń fa omi látàárọ̀ ṣúlẹ̀, kànga tó wà nítòsí lè fara gbá a. Ohun tá a bá dà sílẹ̀ náà lè padà sínú ife wa. Àwọn onímọ̀ ìlera máa ń ní kí ṣáláńgá jìnnà sí kànga tó mítà 30. Bẹ́ẹ̀, pílọ́ọ̀tì tó jẹ́ 50 lọ́nà 100 ẹsẹ̀ bàtà, gígùn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà 30 lọ! Ẹ lè gbé ṣáláńgá tiyín jìnnà, kí ti aládùúgbò wà lẹ́yìn ògiri kànga yín.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó gbẹ́ kànga, ẹ bi ará ilé kejì níbi tí ṣáláńgá rẹ̀ wà. Ẹ mọ etí kànga ga, kẹ́ ẹ dé e, kẹ́ ẹ sì se omi kẹ́ ẹ tó mu ún.

Ìjọba náà ní tiẹ̀ láti ṣe. Torí kí omi ẹ̀rọ lè dé àwọn ìlú wọ̀nyí ni wọ́n ṣe sé Odò Ọ̀tìn ní Èkó-Ẹ̀ndé. Bí omi yẹn bá ń yọ déédéé nílé wa, kò ní di dandan kí olúkúlùkù máa lu ilẹ̀ tirẹ̀.