Iná Tó Rẹ̀ Sílẹ̀ àti Ọ̀rọ̀ Tí A Ń Ṣì Lò

Ẹni tó bá wọ kórópe ní Ajah, tàbí tó jókòó sí ilé oúnjẹ kan ní Lekki Phase 1, kò ní pẹ́ gbọ́ kí ọ̀dọ́ kan wí pé wọ́n ń "gaslight" òun. Onílé tó fi owó lé owó ilé, wọ́n ní ó ń ṣe é. Olólùfẹ́ tó bá ni jiyàn, òun náà ń ṣe é. Inú fíìmù ni ọ̀rọ̀ náà ti gbajúmọ̀, bí "red pill" ṣe ti inú The Matrix ti ọdún 1999 wá, tí "bucket list" sì ti inú fíìmù ọdún 2007 tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Àwọn wọ̀nyẹn kò ṣòro. Èyí ni kí a jókòó tì.

Patrick Hamilton, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́ ní eré orí ìtàgé lọ́dún 1938. Ní 1944, George Cukor ṣe fíìmù rẹ̀ ní Hollywood, Ingrid Bergman sì gba ẹ̀bùn Oscar nítorí rẹ̀. Ọkọ kan ń wá ohun ọ̀ṣọ́ iyebíye tó fara sin sí àjà ilé tí òun àti aya rẹ̀ ń gbé. Alẹ́ tó bá ti gun àjà lọ, tó tan iná gáàsì ibẹ̀, iná yàrá ìyàwó a rẹ̀ sílẹ̀. Ìyàwó rí i, ó sọ ọ́. Wọ́n ní kò rí nǹkan kan, orí rẹ̀ ni kò pé mọ́. Ọkọ a gbé nǹkan pa mọ́, a ní ìyàwó ló sọ ọ́ nù, títí obìnrin náà fi ń bẹ̀rù iyè ara rẹ̀. (Ní Ajah tiwa, bí iná bá rẹ̀, gbogbo àdúgbò ni yóò jẹ́rìí sí i.)

Irọ́ funfun báláú lásán kọ́ nìyí. Òpùrọ́ ń fẹ́ kí a gba òun gbọ́. Ẹni yìí ń fẹ́ kí a má gba ojú ara wa gbọ́ mọ́. Ó fẹ́ sọ ni di wèrè, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń wí. Ojúkòkòrò ló ń ṣe onílé yẹn, ọ̀rọ̀ náà kò kàn án.

Ibi tó kàn kò jìnnà. Ní alẹ́ ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, ọdún 2020, iná kú ní tóò-géètì Lekki, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fẹ̀hónú hàn lórí ìwà ọlọ́pàá SARS. Ṣọ́jà dé, ìbọn dún, DJ Switch sì ń gbé e jáde lórí Instagram lójú ẹsẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ọmọ ogun kọ́kọ́ pe ìròyìn náà ní irọ́. Nígbà tó yá, wọ́n gbà níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí pé àwọn lọ síbẹ̀, pé ọta gidi wà lọ́wọ́ àwọn pẹ̀lú èyí tí kì í pani, ṣùgbọ́n pé èyí tí kì í pani ni àwọn yìn. Lai Mohammed, mínísítà ètò ìròyìn nígbà náà, pè é ní ìpakúpa tí kò lókùú. Ní oṣù Kọkànlá, ọdún 2021, ìgbìmọ̀ tí adájọ́ fẹ̀yìntì Doris Okuwobi darí wí pé a lè pè é ní ìpakúpa. Ìjọba Èkó kò gbà pé ènìyàn mẹ́sàn-án kú níbẹ̀.

Kí a jiyàn lórí iye òkú, ẹ̀rí la fi ń yanjú irú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìròyìn kò tó àfojúbà. Kí a máa wí fún ẹni tó dojú bolẹ̀ lórí títì, tó gbọ́ ìbọn létí ara rẹ̀, pé àlá ló lá, iṣẹ́ ọkọ inú fíìmù náà gan-an ni. Àwọn ọ̀dọ́ Lekki tó ń fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àwàdà nídìí ìjà olólùfẹ́, àwọn ló sì nílò rẹ̀ jù: púpọ̀ nínú wọn ni wọ́n ń sọ fún títí di òní pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.