Ẹ Má Bá Ìyá Ilé Jà Nítorí Ẹ̀bà

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ó ti sú mi láti máa gbọ́ ọ lórí pẹpẹ pé ọ̀lẹ ni àwọn ìyá ìwòyí, pé ẹ̀bà àti indomie nìkan ni wọ́n fi ń bọ́ ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní July 2024 ni 70,000 náírà (àwọn ìpínlẹ̀ kan fi díẹ̀ kún un). Bí a bá pín in sí 30 ọjọ́, 2,333 náírà ni lóòjọ́. Ènìyàn márùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́, àwo 15 nìyẹn. Nǹkan bí 155 náírà ló kan àwo kan, a kò tíì sanwó ilé, a kò tíì wọkọ̀. Ẹ̀wà ńkọ́? Ó ń jẹ kẹrosíìnì púpọ̀ kó tó rọ̀, indomie kì í pẹ́ lórí iná. Obìnrin tó mọ ìṣirò la ń pè ní ọ̀lẹ yẹn.

Ní 18 December 2024, ọmọ 35 kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn, níbi àríyá ọmọdé tí wọ́n ti ṣèlérí owó àti oúnjẹ. Ṣé ọ̀lẹ làwọn ìyá wọn náà?

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé-ìwé nínú ìjọ, tí ẹ ń san 25,000 fún olùkọ́, tí ẹ sì ń san ìdámẹ́wàá lórí èrè rẹ̀, bí òṣìṣẹ́ yín kò bá pé 25, òfin lè má mú yín. Jákọ́bù orí karùn-ún kò ka iye òṣìṣẹ́ ní tirẹ̀. Kí ìgbìmọ̀ ìjọ náà sì sọ fún wa ní ìpàdé tó ń bọ̀: èló là ń san fún arábìnrin tó ń gbálẹ̀ ilé Ọlọ́run?