Ọmọ Ẹ̀gbá, 'Annyeong' dára, 'ẹ káàárọ̀' ńkọ́?

"Annyeong!" Bí ọmọ àbúrò mi ṣe kí mi nìyẹn n'Ítòkò. Fíìmù Kòríà ló ti gbọ́ ọ. Mo rẹ́rìn-ín, torí àgbà Kòríà gan-an ò ní gbà á: "Annyeonghaseyo" ni wọ́n fi ń kí àgbà, bíi "o" àti "ẹ" tiwa.

Lẹ́tà Ṣáínà le jù fún mẹ̀kúnnù wọn, ni Ọba Sejong bá ṣe lẹ́tà tuntun ní 1443, ó sì kéde rẹ̀ ní 1446. Nígbà tí Jàpáànù ń ṣàkóso wọn, wọ́n lé èdè náà kúrò nílé ìwé. Àwọn tó ni ín ò jẹ́ kó kú.

Àwa ńkọ́? Abẹ́òkúta yìí ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde lédè Yorùbá ní 1859. Lónìí, à ń sanwó fún ilé ìwé tó ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Yorùbá. Jàpáànù wo ló fipá mú wa?

Òfin ò dí wa lọ́wọ́ o. Abala 97 nínú ìwé òfin 1999 gba ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ láàyè láti fi èdè ìbílẹ̀ jókòó. Ẹ̀yin aṣòfin Òkè-Mọ́sàn, ẹ lò ó, kẹ́ ẹ sì fòfin de ìyà yẹn.

Kọ́mọ wa kọ́ èdè Kòríà, ó dáa. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí mi ná.